Ìjà àṣekágbá ọdún 1985 ní Bùlùgáríà, àti ife líìgì tí Beroe gbà lẹ́yìn rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan sọ fún mi pé aṣọ́lé Bùlùgáríà tí Rashidi Yekini gbá góòlù wọ ilé rẹ̀ lọ́dún 1994, wọ́n ti fòfin dè é títí láé nígbà kan rí pé kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́, òun àti Stoichkov, nítorí ìjà. Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni wọ́n ṣe padà wá? Ta ni ó sì gba líìgì wọn lọ́dún tí ìjà náà ṣẹlẹ̀ àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e? Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ní ẹgbẹ́ kékeré kan ló kàn rí ife náà he.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ ni. Borislav Mihaylov ni orúkọ aṣọ́lé náà. Òun ni balógun ikọ̀ Bùlùgáríà tó dúró lójú ilé ní pápá Cotton Bowl ní ìlú Dallas ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, nígbà tí Finidi George ta bọ́ọ̀lù wọlé láti apá ọ̀tún, tí Yekini tì í sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 21, tí ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n náà tó ń ké. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Àgbáyé nìyẹn. Daniel Amokachi àti Emmanuel Amuneke fi méjì kún un, a sì na Bùlùgáríà ní 3 sí òdo. Hristo Stoichkov, agbábọ́ọ̀lù iwájú Bùlùgáríà, náà wà lórí pápá lọ́jọ́ náà. Ó tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ìyà kan wọlé, ṣùgbọ́n rẹfirí fagi lé e nítorí pé bọ́ọ̀lù ìyà náà jẹ́ irú èyí tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kàn kí ó tó lè di góòlù. Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ọjọ́ yẹn, wọ́n ti kéde pé àwọn méjèèjì kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé wọn.

Ọ̀rọ̀ líìgì àti ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n ní ó rí ife he ló gba àlàyé jù, nítorí náà, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìjà náà ti ṣẹ̀ wá.

Líìgì tó ga jù lọ ní Bùlùgáríà nígbà náà ni wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ A, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 16 ló sì ń kópa nínú rẹ̀. Méjì nínú wọn, tí ilé àwọn méjèèjì wà ní olú ìlú, Sofia, ga ju ìyókù lọ. CSKA jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun. Levski ní tirẹ̀, láti ọdún 1969 tí wọ́n ti da á pọ̀ mọ́ Spartak Sofia, wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, èyí tí àwọn ọlọ́pàá wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé, agbára ológun àti agbára ọlọ́pàá ló ń wo ara wọn lójú láti ibi ìjókòó àwọn èèyàn ńlá, àwọn agbábọ́ọ̀lù orí pápá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Sáà 1984 sí 1985 dára gan-an fún bọ́ọ̀lù Bùlùgáríà, ó sì dùn mí pé ìjà kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn fi ń rántí rẹ̀. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 1984, Levski yọ Stuttgart, tó jẹ́ olúborí líìgì Jámánì, kúrò nínú ìdíje ife àwọn olúborí ilẹ̀ Yúróòpù. Ní àsìkò kan náà, Trakia láti ìlú Plovdiv na Bayern Munich ní 2 sí òdo nílé nínú ìdíje àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 sí 1 tí Bayern ti kọ́kọ́ nà wọ́n ní Munich kò jẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ síwájú. Plamen Getov, ọmọ ẹgbẹ́ Spartak Pleven, ẹgbẹ́ tí kò sí ní Sofia rárá, ló gbá góòlù jù lọ nínú líìgì, góòlù 26 ló sì gbá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1985, ikọ̀ orílẹ̀-èdè náà na Faransé, tó jẹ́ olúborí Yúróòpù lọ́dún tó ṣáájú, ní 2 sí òdo ní Sofia, ọ̀nà Ife Àgbáyé ọdún 1986 ní Mẹ́síkò sì ti ń là fún wọn. Nígbà tí líìgì parí, Levski ló wà lókè tábìlì, CSKA ló tẹ̀ lé e. Àṣekágbá ife orílẹ̀-èdè nìkan ló kù, àwọn méjèèjì náà ló sì tún bá ara wọn níbẹ̀.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1985 ni wọ́n gbá ìdíje yìí ní pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Vasil Levski. Georgi Slavkov ló gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún CSKA. Slavkov kì í ṣe ẹni kékeré: lọ́dún 1981, nígbà tó ṣì wà ní Trakia, góòlù 31 tó gbá nínú líìgì ló fún un ní bàtà wúrà ilẹ̀ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Levski fárígá pé ọwọ́ ni ó fi gbé bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ kó tó gbá a. Wọ́n ya bo rẹfirí Asparuh Yasenov, wọ́n yí i ká, wọ́n ń tì í, wọ́n ń fa aṣọ rẹ̀. Rẹfirí kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, góòlù náà sì dúró. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, kò sí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan mọ́. Ẹsẹ̀ ń bá ẹsẹ̀, ìgúnpá ń bá egungun ìhà, káàdì pupa ń jáde, ìkúùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, títí tí ọ̀rọ̀ fi di bó ò lọ o yà fún mi. CSKA ló borí ní 2 sí 1, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi fọn fèrè ìparí, àmì ayò kọ́ ni ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Àbúrò, ìjà báyìí máa ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù, àjọ bọ́ọ̀lù sì máa ń jókòó lé e lórí, wọn á dá àwọn tó jà dúró fún ìdíje mélòó kan tàbí fún ọdún kan, ọ̀rọ̀ á sì tán. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Bùlùgáríà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe àjọ bọ́ọ̀lù ló dá ẹjọ́ náà. Ìgbìmọ̀ àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì, ẹgbẹ́ Todor Zhivkov tó ti ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè náà láti ọdún 1954, ló gbé ọ̀rọ̀ náà sórí tábìlì ara rẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sì ni ìdájọ́ jáde. Wọ́n tú ẹgbẹ́ méjèèjì ká pátápátá. Wọ́n gba ipò olúborí líìgì lọ́wọ́ Levski. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní ife orílẹ̀-èdè. Wọ́n fòfin de àwọn agbábọ́ọ̀lù kan títí láé, lára wọn ni Mihaylov, Plamen Nikolov àti Emil Spasov láti Levski, pẹ̀lú Stoichkov láti CSKA, ọmọ ọdún 19 péré tí kò tíì pé ọdún kan tó dé láti ẹgbẹ́ Hebros ní Harmanli. Àwọn mìíràn gba ìjìyà tí kò tó ti àwọn wọ̀nyí. Wọ́n wá dá ẹgbẹ́ tuntun méjì sílẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n tú ká: Sredets, orúkọ àtijọ́ tí wọ́n ń pe ìlú Sofia, fún àwọn ọmọ ogun, àti Vitosha, orúkọ òkè gíga tó wà lẹ́bàá ìlú náà, fún àwọn ará Levski.

Èrò tèmi lórí ìdájọ́ náà ni pé ìdajì rẹ̀ tọ́, ìdajì kò sì tọ́ rárá. Ẹni tó bá fọwọ́ kan rẹfirí ní ìjìyà tó tọ́ sí i, ẹni tó bá gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìkúùkù náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdíje 30 ni Levski fi gba líìgì, láti ìgbà ìwọ́wé títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ìdíje wọ̀nyẹn tó ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ àṣekágbá ife. Láti gba líìgì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan nítorí ìwà tí wọ́n hù nínú ìdíje mìíràn, ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́ bọ́ọ̀lù mọ́. Ìjọba ló ń fi hàn pé òun lágbára ju àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá òun lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba náà ṣubú ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, wọ́n dá ipò olúborí náà padà fún Levski, wọ́n sì ka ife orílẹ̀-èdè mọ́ ti CSKA. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé ta ló gba líìgì Bùlùgáríà lọ́dún 1985, Levski ni kí o dá a lóhùn. Ó wà lára àwọn líìgì tí wọ́n ń kà fún wọn lónìí.

Ní ọdún 1985 fúnra rẹ̀ ṣá, kò sí olúborí. Trakia Plovdiv ni wọ́n rán lọ sí ìdíje àwọn olúborí ilẹ̀ Yúróòpù. IFK Göteborg láti Swídìn nà wọ́n nílé lóko, ìyẹn kò sì jẹ́ ìtìjú, nítorí pé Göteborg yìí kan náà ló dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní sáà yẹn, pẹ́nárítì nìkan ni Barcelona sì fi yọ wọ́n.

O béèrè bí àwọn tí wọ́n fòfin dè náà ṣe padà. Ohun tí wọ́n pè ní títí láé kò pé ọdún kan. Bùlùgáríà ti gba ìwé ìwọlé sí Ife Àgbáyé ọdún 1986 ní Mẹ́síkò, ó sì dá mi lójú pé ìyẹn gan-an ló mú kí ìjọba pa ohùn dà, nítorí pé kò sí orílẹ̀-èdè tó máa fi aṣọ́lé tó dára jù lọ sílẹ̀ nílé tí yóò sì lọ bá Ítálì àti Ajẹntínà ta kàngbọ̀n. Wọ́n dárí jì wọ́n. Mihaylov, tí bàbá rẹ̀ Biser náà ti ṣọ́ ilé fún Levski ṣáájú rẹ̀, padà sójú ilé, òun ló sì dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1986 nígbà tí Bùlùgáríà àti Ítálì ṣí ìdíje náà ní pápá Azteca. Alessandro Altobelli kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Ítálì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Nasko Sirakov fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, wọ́n sì ta ọ̀mì. Wọ́n tún ta ọ̀mì pẹ̀lú Gúúsù Kòríà, Getov ló gbá góòlù tiwọn. Ajẹntínà nà wọ́n ní 2 sí òdo, síbẹ̀ wọ́n bọ́ sí ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ láìborí ìdíje kan ṣoṣo, níbi tí Mẹ́síkò ti lé wọn sílé pẹ̀lú 2 sí òdo mìíràn. Wọn kò mú Stoichkov lọ.

Stoichkov ni ìdájọ́ yìí ì bá bà jẹ́ jù lọ bí ó bá dúró. Rò ó wò: agbábọ́ọ̀lù tí ọmọ ogún ọdún kò tíì pé, tí wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Nígbà tó padà sí Sredets lọ́dún 1986, ó bá Dimitar Penev gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀ náà. Àwọn àgbà kan ti kúrò, àyè sì ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ bíi Lyuboslav Penev, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò akọ́nimọ̀ọ́gbá náà, àti Emil Kostadinov, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní ọdún 1985 gan-an. Mẹ́ta yìí ló gbé ẹgbẹ́ náà dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè lọ́dún 1989. Barcelona lù wọ́n ní 4 sí 2 àti 2 sí 1, Stoichkov nìkan ló sì gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní. Johan Cruyff, akọ́nimọ̀ọ́gbá Barcelona, ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Stoichkov gbá góòlù 38 nínú líìgì, ó bá Hugo Sánchez ti Real Madrid pín bàtà wúrà ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì di ọmọ Barcelona lọ́dún 1990. Penev àti Kostadinov yìí náà ló wà nídìí góòlù ìṣẹ́jú ìkẹyìn ní Paris ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1993, tí Penev ta bọ́ọ̀lù tí Kostadinov fi pa Faransé lẹ́kún, tí Bùlùgáríà sì fi rí ọ̀nà lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti wá na Ajẹntínà àti Jámánì, tí wọ́n sì wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn. Dimitar Penev ló kó wọn lọ.

Ó wá ku Beroe, tó gba líìgì ní sáà tó tẹ̀ lé ìjà náà, 1985 sí 1986. Àwọn ni ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ pè ní ẹgbẹ́ kékeré tó rí ife he, èmi kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ rárá.

Beroe jẹ́ ẹgbẹ́ ìlú Stara Zagora ní ìhà gúúsù Bùlùgáríà, orúkọ tí ìlú náà ń jẹ́ láyé àtijọ́, láti ìgbà àwọn ará Thrace, ni wọ́n sì fi sọ ẹgbẹ́ náà. Aṣọ àwọ̀ ewé àti funfun ni wọ́n ń wọ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ti gba Ife Balkan, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù, kí ọdún 1985 tó dé: 1968, 1969, 1982 àti 1984. Ẹgbẹ́ tó bá gba ife ní 1982, tí ó tún gbà á ní 1984, kì í ṣe ẹgbẹ́ tó jí lójijì lọ́dún 1985 nítorí pé àwọn ọlọ́lá ń jà. Wọ́n ti ń bọ̀ tipẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní sáà 1985 sí 1986, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Iliya Iliev, ìdúróṣinṣin wọn bá àsìkò tí àwọn tó wà níwájú ń kọsẹ̀.

Kí o tún wo ohun tí àwọn tó wà níwájú náà ṣe ní sáà kan náà. Àwọn tó ń sọ pé ife náà rọrùn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Sredets àti Vitosha kò sí nínú líìgì. Wọ́n wà níbẹ̀ o. Orúkọ ni wọ́n pààrọ̀, àwọn kan ni wọ́n sì lé. Ọ̀pọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ṣì wà níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ bùkátà wọn kò sì kúrò lẹ́yìn wọn. Vitosha yìí kan náà ló gba ife orílẹ̀-èdè lọ́dún 1986, ó sì fi ife náà wọ ìdíje Yúróòpù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, níbi tó ti rìn títí kan ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn kí Real Zaragoza tó dá a dúró. Bí Vitosha bá lágbára tó láti gba ife, kí ló dé tí a ó fi sọ pé kò lágbára tó láti dí Beroe lọ́wọ́ nínú líìgì? Kò ṣeé ṣe láti mú ọ̀rọ̀ méjèèjì papọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti Trakia. Ẹgbẹ́ tó na Bayern lọ́dún 1984 yìí kò pàdánù ẹnikẹ́ni nínú ìdájọ́ ìjọba, nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n bá wí. Bí ó bá jẹ́ pé ife náà kàn wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Trakia ló yẹ kó mú un. Wọ́n ní Atanas Pashev níwájú, ẹni tó gbá góòlù 30 ní sáà yẹn, tí kò sì sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo líìgì. Pẹ̀lú góòlù 30 ẹnìkan ṣoṣo, ipò kejì ni Trakia wà nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Láti borí ẹgbẹ́ tó ní irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ fún odidi sáà kan, ní Stara Zagora àti ní gbogbo ìlú tí wọ́n rìn dé, iṣẹ́ ni, ó sì tọ́ kí a máa bọ̀wọ̀ fún un.

Ohun tí mo gbà ni pé ọ̀nà náà kò ṣí sílẹ̀ pẹ́. Ní sáà 1986 sí 1987, Sredets ti gba ipò náà padà, Sirakov sì gbá góòlù 36 fún Vitosha. Lọ́dún 1988, Vitosha ló gba líìgì. Beroe kò tíì tún gba líìgì náà láti ìgbà náà wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gba ife orílẹ̀-èdè ní 2010 àti 2013. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pọ̀ ní Yúróòpù, a kì í sì í bi wọ́n pé ta ni kò gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lọ́dún náà.

Nígbà tí wọ́n wọ ìdíje àwọn olúborí ilẹ̀ Yúróòpù ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 1986, ìbò kò ṣàánú wọn rárá. Dynamo Kyiv ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife Yúróòpù kan ní oṣù karùn-ún nípa nína Atlético Madrid ní 3 sí òdo, tí Oleg Blokhin wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Igor Belanov tí wọ́n fún ní bọ́ọ̀lù wúrà, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Yúróòpù, ní òpin ọdún yẹn gan-an. Ní Stara Zagora, Beroe ta ọ̀mì pẹ̀lú wọn, 1 sí 1. Ní Kyiv, wọ́n pàdánù ní 2 sí òdo, Dynamo sì tẹ̀ síwájú dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ibẹ̀ ni Porto, tó wá gba ife náà lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ti yọ wọ́n.